Ófìnì oníná mi ń já bírékà, ó sì ń gbé mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Oníkéèkì, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kéèkì ni mò ń ṣe tà, inú ilé ni mo sì ti ń ṣe é. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá tan ófìnì mi, á kọ́kọ́ gbóná dáadáa. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bírékà á já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Tó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́, á tún já. Lánàá, mo fi ọwọ́ tútù kan ara rẹ̀, iná gbé mi. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíṣìnì, ìyẹn ló ń já mi láyà jù. Kéèkì ìgbéyàwó sì wà nílẹ̀ tí mo máa gbé fún wọn ní Sátidé. Kí ni kí n ṣe?

Akin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò nínú plọ́ọ̀gì yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn, kò já mọ́.

Bàbá Oníná:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e! Wáyà yẹn ni áàtì. Òun ló ń gbé iná tó bá yọ́ sára irin wọlẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá gé e, iná ṣì ń yọ́, àmọ́ ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbà kọjá. Akin, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, yọ ófìnì tìrẹ náà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ìyá Oníkéèkì, pé ó máa ń gbóná kó tó já ni mo dì mú. Ká ní wáyà méjì ló kanra wọn ni, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ì bá já. Ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn irin tó ń mú ófìnì gbóná, ni mo fura sí. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú irin rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun ni wọ́n fi yí i ká kí iná má baà kan irin. Bí irin bá sán, omi á wọ inú lẹ́búlẹ́bú náà, iná á gba ibẹ̀ yọ́ sára irin, bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá yọ́ á sì já.

Ẹ má tàn án mọ́ rárá. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ má kàn pa swíìṣì. Kí oníṣẹ́ iná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kó ya fọ́tò wáyà, kó tó tú wọn kúrò lórí ẹ́límẹ́ǹtì. Kó fi mítà wọn ẹnu méjèèjì: tó bá jẹ́ 2000 wáàtì, nǹkan bí 26 ohms (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) ló yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà, kó fi ẹnu wáyà mítà kan sí ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì, ìkejì sára irin rẹ̀. Kò yẹ kí mítà rí nǹkan kan. Bó bá rí i, ọwọ́ ti tẹ olè.

Kó yẹ áàtì ilé yín wò pẹ̀lú. Ká ní ó dára ni, kò yẹ kó gbé yín.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Tèmi kì í já, kéèkì ni kì í jinná. Mo ti ra ẹ́límẹ́ǹtì tuntun kí n tó mọ̀ pé iná àdúgbò wa ni kò lágbára. Wọ́n wọ̀n ọ́n, 160 volts dípò 230. Wọ́n ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ooru kò ní í tó ìdajì èyí tó yẹ. Owó mi ṣì ń dùn mí.

Ìyá Oníkéèkì, Ìbàdàn:
Bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ́límẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ni! Ẹnu méjèèjì fún wa ní 26, ṣùgbọ́n láti ẹnu sí ara irin, mítà rí 40,000 ohms, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rí nǹkan kan. Ó ti sán níbi tí omi ṣúgà máa ń kán sí. A ti pààrọ̀ rẹ̀. Áàtì ńkọ́? Ìpẹtà ti jẹ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó kù díẹ̀ kó já, wọ́n ti so tuntun. Ófìnì gáàsì aládùúgbò mi ni mo fi ṣe kéèkì ìgbéyàwó náà. Ṣé mo lè padà máa lo ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n mi?

Bàbá Oníná:
Rárá o, ìyá mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 amps tí ófìnì yẹn ń fà fún wákàtí gbáko, wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tó tín-ínrín á yọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kẹ́ ẹ máa fi plọ́ọ̀gì rẹ̀ sí tààrà.