Ọmọ mi ti pé oṣù 20, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò ju 5 lọ, ṣé kí n dá Yorùbá dúró ni?

Ìyá Àkànní, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 20 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sáré kiri ilé, ó ń gun àga, tí mo bá ní kó lọ mú bàtà dádì ẹ̀ wá á lọ mú un, kì í gbé ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Mọ́mì, dádì, báì-báì, nó àti bọ́ọ̀lù, kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ ìyẹ̀wù kejì tó fi oṣù kan péré jù ú lọ ti ń ní "mọ́mì, mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì". Àǹtí tó ń tọ́jú wọn ní kíréṣì ní Yorùbá tá à ń sọ nílé ló ń da ọpọlọ ẹ̀ rú, kí n máa sọ òyìnbó nìkan. Màmá ọkọ mi ní tiwọn ní okùn abẹ́ ahọ́n ẹ̀ ló fà á, àwọn mọ ẹni tó máa gé e. Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, òun náà ò tètè sọ̀rọ̀. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń fi òyìnbó bá a sọ̀rọ̀, ọmọ ọ̀hún kàn ń wò mí lójú ni, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. Ẹ padà sí Yorùbá yín lónìí yìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ọmọ tó ti ń gbọ́ "lọ mú bàtà wá" láti ọjọ́ tó ti dáyé, tẹ́ ẹ wá ṣàdédé kó òyìnbó bò ó, kí lẹ fẹ́ kó ṣe tí kò bá wò yín? Èdè méjì ò ní kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé báwo lẹ ṣe kà á tó fi jẹ́ 5? Torí Kẹ́yìndé tèmi, ohùn ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ mú, lẹ́tà ò tíì sí lẹ́nu ẹ̀. Láàárọ̀ á ní "ẹ áàáọ̀", ohùn "ẹ káàárọ̀" gan-an ni, ó kàn fo k àti r ni. "Gbà" ń jẹ́ "bà", "rárá" ń jẹ́ "yáyá", omi ń jẹ́ "mi". Èmi rò pé ariwo lásán ni, ìyá mi tó wá kí wa ló ní "ìwọ ò gbọ́ pé ọmọ ń kí ẹ ni?" Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, ohunkóhun tó bá ti fi ohùn kan náà pè lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ni, ì báà má já geere. Tó bá ń fi "mẹ̀ẹ̀" pe ewúrẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Ìwé tí àwọn CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tún ṣe ní 2022 sọ pé ní oṣù 18, kí ọmọ máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ 3 yàtọ̀ sí mọ́mì àti dádì, tó bá wá di oṣù 24 kó máa so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀, bíi "omi sí i". Tiyín ti ní 3 yẹn kẹ́ ẹ tó ka Yorùbá ẹ̀ rárá. Ṣé ó máa ń nàka sí nǹkan kẹ́yin náà lè wò ó? Ṣé ó máa ń dáhùn orúkọ ẹ̀? Tí kò bá sí ìyẹn, tàbí tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ tó wá pàdánù ẹ̀, ọsibítù ni o, ẹ má dúró. Ti okùn ahọ́n, ọmọ tó mu ọmú dáadáa tó sì ń yọ ahọ́n síta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ẹnu ẹ̀. Ẹ pa káàtúùnù orí fóònù náà, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún kan ò yẹ kó máa jókòó wo nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìyá Àbẹ̀ní, Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo etí o. Ọmọ mi obìnrin, ibà pọ́njú mú un ní ọjọ́ kẹta tá a bí i, wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀ ká máa fún un lómi gúlúkóòsì, aṣọ tá à ń wọ̀ fún un sì rèé, inú àpótí tí káńfọ̀ wà la ti kó o jáde, a ò mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí káńfọ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ tí ibà yẹn á fi le sí i. Ká tó gbé e dé ibi tí wọ́n ti fi í sábẹ́ iná búlúù, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó yè, mo dúpẹ́, àmọ́ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọdún 2 àbọ̀ la sì tó mọ̀, torí ojú wa àti ọwọ́ wa ló ń wò, tá a bá nàka sí bàtà á gbé bàtà wá, a rò pé ó gbọ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa bàtà yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹ̀, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì torí ara ẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ẹ rọra pe orúkọ ẹ̀. Bó yíjú bí kò yíjú, ẹ ṣì gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ ọsibítù UCH ní dókítà etí. Tèmi ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn báyìí, ó ti pé ọdún 5, ó ń kọrin.

Ìyá Mọ́yọ̀, Manchester
Níbí, tọ́mọ bá ti tó ọdún 2 sí 2 àbọ̀, health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń tọpa ìdàgbàsókè ọmọ, máa ń fún wa ní fọ́ọ̀mù tá a máa kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sí. Òyìnbó nìkan ni mo kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá kéré. Obìnrin yẹn ló bi mí pé èdè wo là ń sọ nílé, ó ní kí n ro Yorùbá mọ́ ọn, bó ṣe di ìlọ́po nìyẹn.

Ìyá Àkànní, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Bébà ti wà lára fíríìjì láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di 13! Ó ń sọ "bà", "mi", "àtà" fún bàtà, "ó tá" tí oúnjẹ bá tán, tí wọ́n bá mú iná wá báyìí á ní "ẹ́pà!" torí ó ń gbọ́ "Up NEPA" lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò. Ó máa ń nàka, kódà ó máa ń fà mí láṣọ kí n lè wo ẹyẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣe ti ẹ̀yìn yẹn, tí mo bá pè é lápá ọ̀tún á yíjú, lápá òsì mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yíjú. Ọ̀fìnkìn sì ń mú un ṣáá látìgbà ọyẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ó lè jẹ́ omi ló dúró lẹ́yìn ìlù etí, ọ̀fìnkìn máa ń fà á, á wá máa gbọ́ràn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbẹ. Dókítà ló máa wò ó tó máa mọ̀. Ẹ sọ ti ọ̀fìnkìn yẹn fún wọn, ẹ sì mú bébà ara fíríìjì dání. Ẹ má da òróró tàbí àdí sí i létí o.

Ìyá Àkànní, Ìbàdàn
Mo ti gbọ́, mà. Tọ́sìdeè la máa lọ. Màmá ọkọ mi ní àwọn máa bá wa lọ, àwọn náà ti ń gbọ́ "áàáọ̀" ẹ̀ báyìí.