Kí ló dé tí ọmọ tó ń borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí yìnyín kò fi lè lọ sí Òlíḿpíìkì?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbejì mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́dún yìí, bàtà sikéètì onítáyà tí ẹ̀gbọ́n wọn rà fún wọn ni wọ́n sì máa ń wọ̀ lọ sí àgbègbè Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdíje àwọn ọmọbìnrin tó ń sikéètì lórí yìnyín lórí YouTube, tó bẹ́ẹ̀ tí dátà mi kì í tọ́jọ́ mọ́. Ọmọ Jàpáánì kan tí ń jẹ́ Mao Shimada ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn jù. Ó gba góòlù Ìdíje Àgbáyé fún Àwọn Ọ̀dọ́ ní 2023, ó gbà á ní 2024, ó tún gbà á ní 2025, kò sì sí obìnrin tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra rí ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó fún Òlíḿpíìkì Milan ti ọdún 2026.

Táyé ní ìrẹ́jẹ ni. Kẹ́hìndé ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n ti bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èmi tí mo sì ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó kò mọ yìnyín kankan ju èyí tó wà nínú fìríìsà lọ. Kí ni ìdí òfin yìí gan-an? Ṣé ọmọ tó bá sì borí láàárín àwọn ọ̀dọ́ náà ló máa ń borí nígbà tó bá di àgbà? Èyí kejì yìí ló ká mi lára jù, nítorí pé owó bàtà ń gòkè lójoojúmọ́.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kẹ́hìndé ló mọ òfin, ṣùgbọ́n inú tó ń bí Táyé náà kò ṣàìnídìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, níbi ìpàdé àpapọ̀ tí àjọ ISU tó ń darí eré yìí ní gbogbo ayé ṣe ní Phuket ní orílẹ̀-èdè Thailand, wọ́n fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè bá àwọn àgbà díje. Ọdún 15 ni tẹ́lẹ̀; wọ́n sọ ọ́ di 16 fún sáà 2023 sí 2024, ó sì di 17 láti sáà tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje tó ṣáájú ìdíje ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọjọ́ ìdíje fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n bí Shimada. Ó ti pé ọmọ ọdún 17 kí Òlíḿpíìkì náà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní oṣù Keje 2025 ó ṣì ku oṣù mẹ́rin.

Ní ti ìdí òfin náà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi Òlíḿpíìkì Beijing ní 2022 ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sún un síwájú mọ́. Kamila Valieva ará Rọ́ṣíà, tó ti gba góòlù àwọn ọ̀dọ́ ní 2020, wá síbẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, gbogbo ayé sì ti gbà pé òun ni yóò borí. Àárín ìdíje ni ìròyìn jáde pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021 fi oògùn ọkàn kan tí ń jẹ́ trimetazidine hàn lára rẹ̀. Ọmọ náà ṣubú léraléra lójú gbogbo ayé, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá fòfin dè é fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì kà á láti ọjọ́ àyẹ̀wò náà. Ìbéèrè tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé àwọn àgbà wo ló wà lẹ́yìn ọmọ ọdún 15, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n tì síwájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì, Akọkà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tọ̀nà, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè sọ ìdí tí ọmọ ọdún 13 fi ń fò ju àgbà lọ. Nínú eré yìí, wọ́n máa ń fò sókè, wọ́n á sì yí lójú òfuurufú kí wọ́n tó balẹ̀. Ara tó kéré, tí èjìká àti ìbàdí rẹ̀ kò tíì fẹ̀, máa ń yára yí lójú òfuurufú. Bí ọmọ náà bá ṣe kó apá mọ́ àyà tó ni yíyí rẹ̀ ṣe ń yá sí i. Nígbà tí ara bá dàgbà, tó ga, tó sì wúwo, fífò tó rọrùn fún un lánàá lè dàbí ẹni pé kò kọ́ ọ rí. Àwọn adájọ́ kì í sì í gbójú fò ó: bí yíyí náà bá kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ kí ẹsẹ̀ tó kan yìnyín, wọ́n á dín iye rẹ̀ kù, bí ó bá sì ṣubú, wọ́n á tún yọ máàkì kan.

Iye máàkì ló ń fa gbogbo rẹ̀. Fífò tí wọ́n ń pè ní toe loop, bí ènìyàn bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máàkì 4.2 ni, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó di 9.5. Ta ni kò ní gbìyànjú rẹ̀? Miki Ando ará Jàpáánì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fò oníyíyí mẹ́rin níbi ìdíje, ní 2002, nígbà tó ṣì wà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní 2018, ní ìlú Sofia ní Bulgaria, Alexandra Trusova ará Rọ́ṣíà fò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú eré kan ṣoṣo ní ọmọ ọdún 13. Láti ìgbà náà ni ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì ṣàkíyèsí pé eré méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nínú eré kúkúrú, wọn kò gba oníyíyí mẹ́rin láyè fún àwọn ọmọbìnrin tó wà nípò ọ̀dọ́, nítorí náà máàkì wọn máa ń sún mọ́ra. Eré gígùn, tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀, ni àlàfo ti ń ṣí. Ní 2024, Shin Ji-a ti Gúúsù Kòríà ló ṣíwájú lẹ́yìn eré kúkúrú, kí Shimada tó kọjá rẹ̀ nínú eré gígùn.

Ibi tí èmi ti yapa sí òfin náà nìyí: àwọn àgbà ti di ọdún 17, àmọ́ ọmọ ọdún 13 ṣì lè wọ ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kó sì gbìyànjú fífò tó le jù. Adé ni wọ́n gbé jìnnà sí ọmọ náà. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ọmọ mi, o sọ ọ́ dáadáa. Mo gbé Kánádà fún ìgbà pípẹ́, èmi àti ìyàwó mi sì máa ń wo eré yìí ní gbogbo ìgbà òtútù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì tí Ìyá Ìbejì béèrè.

Mao Asada ará Jàpáánì àti Yuna Kim ti Gúúsù Kòríà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, nítorí pé ogún ọjọ́ péré ló wà láàárín ìbí wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990. Ní 2005, Asada gba góòlù àwọn ọ̀dọ́, Kim gba fàdákà. Ní 2006, Kim ló gba góòlù, Asada ló gba fàdákà. Ní àárín méjèèjì yìí, Asada bá àwọn àgbà díje ní Tokyo níbi àṣekágbá Grand Prix, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje ọdọọdún, ó sì borí wọn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó lọ sí Òlíḿpíìkì Turin nítorí pé ọjọ́ 87 kù kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé. Ohun tó ṣe Shimada kì í ṣe tuntun, kí Táyé gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún pàdé níbi Òlíḿpíìkì Vancouver ní 2010, góòlù Kim, fàdákà Asada.

Àmọ́ ẹ má fi àwọn méjì yẹn ṣe òdiwọ̀n. Ní 2017, Alina Zagitova ló gba góòlù àwọn ọ̀dọ́, Kaori Sakamoto sì gba idẹ. Lọ́dún kejì, Zagitova gba góòlù Òlíḿpíìkì ní ọmọ ọdún 15, kí ọdún 2019 sì tó parí, ó ti kéde pé òun fẹ́ sinmi. Sakamoto, tí kò fò oníyíyí mẹ́rin rárá, gba góòlù àgbáyé ti àwọn àgbà ní 2022, 2023 àti 2024. Bó ṣe ń sáré lórí yìnyín bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé ni wọ́n fi ń fún un ní máàkì. Ọdún kan ló gbé Zagitova dé òkè; Sakamoto rìn ín fún ọdún márùn-ún.

Ní tèmi o, Shin ni mo máa ń wò. Fàdákà ni ní 2022, fàdákà ní 2023, fàdákà ní 2024, ó sì ń padà wá.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àwọn ọmọ létí lálẹ́ àná nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Táyé dákẹ́ títí mo fi dé orí ọjọ́ 87 yẹn, ó wá ní òfin náà ti ń yan àwọn tó ń jẹ́ Mao jẹ tipẹ́. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ ti yí padà sẹ́yìn Shin. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ní Grand Prix àwọn ọ̀dọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé dátà ni n ó rà, kì í ṣe bàtà.