Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ẹbí lọ sí Smoky Mountains rí, ọgbà ìjọba olókè tó wà láàárín Tennessee àti North Carolina, kí lojú yín rí?

Ìyàwó_Ilé_Atlanta
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù keje la fẹ́ lọ: èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì (ọdún 9 àti 6), àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Màmá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò wá sí Amẹ́ríkà wá ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin la ní. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka gbogbo ìpolówó tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.

Déńgẹ́
Ẹ mú súwẹ́tà dání. Ó tán.

ÌyáÌbejì_Marietta
Ẹ jẹ́ n sọ ti béárì kí ọkọ mi tó wá bù mọ́ ọn.

Ọdún kẹta rèé. A gba ilé onígi kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú Gatlinburg. Ilé yẹn dáa, àmọ́ ọ̀nà tó gòkè débẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà. Alẹ́ ọjọ́ tá a dé, mo dín ẹja. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ má bú mi. Mo ṣí gbogbo fèrèsé kí èéfín lè jáde. A jẹ, a yó, a sùn.

Nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ wa. Fáàn! Ó dákẹ́. Fáàn! Mo jí bàbá ìbejì, ó ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn wo ló ń tẹ fèrè? Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo yọjú. Iná inú ọkọ̀ ti tàn, ẹ̀yìn dúdú kìjikìji kan jókòó sáyè dírẹ́bà bí alága ẹgbẹ́ tó wọ agbádá. Bàbá ìbejì kò ti ọkọ̀ o. Ẹranko yẹn fọwọ́ fa ilẹ̀kùn, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì padé mọ́ ọn.

Kí ló ń wá? Pọfupọ́ọ̀fù méjì tí Táyé kó sínú ọ̀rá sábẹ́ àga láti Atlanta. Méjì péré!

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn agbófinró wá so okùn mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n lọ dúró lókèèrè, wọ́n fà á. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ara nù, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà
Béárì tẹ fèrè. Ìyá Ìbejì, mo jù yín lọ dáadáa, ẹ má fi mí ṣeré.

ÌyáÌbejì_Marietta
Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò wà. Àwọn oníńṣọ́ránsì náà béèrè lẹ́ẹ̀mejì bíi tiyín.

Tírélà_I40
Ẹ̀gbọ́n, kò purọ́. Mo ti ń gba ọ̀nà yẹn bọ̀ ọjọ́ pẹ́. Béárì dúdú ibẹ̀ tó nǹkan bí 1,900, wọ́n sì ti mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni oúnjẹ máa ń wà. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé fífà lásán ló ń ṣí i, ọmọ tirẹ̀ lè ṣí i. Ẹ tì í, kẹ́ ẹ tún padà lọ wò ó bóyá ẹ tì í.

Jẹ́jẹ́_Layé
Ẹ rántí Èlíṣà o. Ọmọ 42! Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ yín kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni ní apárí lọ́hùn-ún.

Ìyàwó_Ilé_Atlanta
Ọkọ mi pá o 😂 A ó ra fìlà.
Ní tòótọ́, tá a bá pàdé ẹ̀ ńkọ́?

Àdùkẹ́_Charlotte
Ẹ má sá. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ, ẹ pariwo, ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ béárì tàbí elk (ẹranko ńlá oníwo ẹlẹ́ka) ju yáàdì 50 lọ, òfin ni.

Déńgẹ́
Èmi á sá.

Àdùkẹ́_Charlotte
Ó máa bá yín.

Déńgẹ́
Ẹni tó bá kẹ́yìn nínú wa ló máa bá.

Àdùkẹ́_Charlotte
Ẹ jẹ́ ká dá arábìnrin yìí lóhùn jàre. Ti màmá ni kí n sọ, torí èmi náà gbé ìyá mi lọ.

Cades Cove, àfonífojì kan nínú ọgbà yẹn, ló tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Máìlì 11 ni ọ̀nà tó yí i po, apá kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ ń kọjú sí. Ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ wo gbogbo ẹ̀: pápá, òkè tó yí i ká, ṣọ́ọ̀ṣì onígi àti ilé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìjọba. Àmọ́ máìlì 11 yẹn gbà wá ní wákàtí mẹ́ta ó lé, torí bí ẹnì kan bá ti rí ìrù ẹranko, ó ti dúró sójú títì. Ìyá mi ní ṣé ẹran kan ṣoṣo yìí ni gbogbo òyìnbó ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ò jẹ ẹran rí ni? Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ o.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọ Cades Cove lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Knoxville
Ọjọ́ Wẹ́sídeè ló dùn jù ní tèmi.

Àdùkẹ́_Charlotte
Ọmọ ogún ọdún, ṣé o máa gbé màmá ẹni ọdún 71 sórí kẹ̀kẹ́?

Bàbá_Bọ́lá
Ẹ gun Clingmans Dome. Òkè yẹn ló ga jù nínú ọgbà. Ààbọ̀ máìlì péré, wọ́n sì da kọntá sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_Knoxville
Kuwohi lorúkọ ẹ̀ báyìí, sà. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n dá orúkọ táwọn Cherokee, àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ń pè é padà fún un.

Bàbá_Bọ́lá
O ṣeun, ọmọ mi. Kuwohi. Ó tiẹ̀ dùn ún pè ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Ẹsẹ̀ bàtà 6,643 ni. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ máìlì yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, ó gòkè ṣánṣán. Ìyá àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mẹrin, ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ìsìn òkú. A dé òkè, ìkúùkù bo gbogbo ẹ̀. Funfun báláú. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní, "Ṣé èyí náà la wá wò?" Oṣù kẹjọ ni o, èémí wa ń jáde bí èéfín.

Déńgẹ́
Súwẹ́tà. Mo ti sọ ọ́.

ỌmọÌdànrè
Mo ń ka gbogbo yín láti òwúrọ̀. Ilé onígi, owó epo, oníńṣọ́ránsì, nítorí òkè. Òkè Ìdànrè wà nílé! Ẹ dé Àkúrẹ́, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ààfin Ọwá àtijọ́ wà lókè níbẹ̀, ìlú odindi làwọn baba wa tẹ̀ dó sórí àpáta. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó ń dúró de ìfọwọ́sí gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé láti ọdún 2007. Nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Àlàdé, ọ̀wàwà ló máa ń han lóru. Òun náà ẹranko ni o, kì í sì í ṣí mọ́tò.

Jẹ́jẹ́_Layé
Mo ka àtẹ̀gùn yẹn, 667 ni.

ỌmọÌdànrè
682.

Jẹ́jẹ́_Layé
Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi kà á.

ỌmọÌdànrè
Ẹsẹ̀ yín fo méjì-méjì nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó_Ilé_Atlanta
Ẹ jọ̀ọ́, Atlanta ni mo wà 🙏🏾 Àkúrẹ́ kì í ṣe ìrìn wákàtí mẹ́rin bíi Smoky.

Tírélà_I40
Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ ti mọ́tò. Kò sí ilé epo kankan nínú ọgbà yẹn, ẹ kún táǹkì níta. Fóònù ò ní gbé, ẹ da máàpù sórí ẹ̀ nílé. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Newfound Gap, ibi tí títì ti gba àárín òkè kọjá (ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,000), ẹ fi í sí jíà kékeré, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ dá a dúró. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa gbọ́ òórùn jíjóná, yóò rò pé ọkọ̀ ẹlòmíì ni. Mo ti dúró ran irú wọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wọn kì í gba owó ìwọlé. Nígbà tí Tennessee fa títì yẹn lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ gba owó ojú ọ̀nà lórí ẹ̀. Owó ìgbọ́kọ̀sí ló wà: bẹ́ ẹ bá dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ, $5 lójúmọ́, $15 lọ́sẹ̀, $40 lọ́dún. Ọjọ́ mẹ́rin tiyín, ti ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Bàbá_Bọ́lá
Pigeon Forge, ìlú ìgbafẹ́ tó wà nítòsí, ló máa jẹ owó tí ọgbà yẹn ò gbà. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ rí iná ibẹ̀ lálẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Knoxville
Bí màmá bá fẹ́ rí ẹranko láìrìn, ẹ gbé wọn lọ sí Oconaluftee, lápá ìlú Cherokee. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, àwọn elk máa ń jáde sí pápá. Ọdẹ ti pa wọ́n tán ládùúgbò yẹn tipẹ́, ọdún 2001 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn padà wá.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà
Kí là ń pe elk?

Jẹ́jẹ́_Layé
Àgbọ̀nrín.

ỌmọÌdànrè
Àgbọ̀nrín kọ́. Àgbọ̀nrín tí mo mọ̀, èèyàn kan á gbé e kọ́ èjìká. Èyí tóbi tó màlúù.

Jẹ́jẹ́_Layé
Sáàmù 42 ní àgbọ̀nrín.

ỌmọÌdànrè
Àwọn ọmọ Kórà tó kọ ọ́ ò dé North Carolina.

Bàbá_Bọ́lá
Ìwo àgbọ̀nrín ilé wa kì í bọ́. Ti elk ń bọ́ lọ́dọọdún, òmíì á hù. Oṣù kẹta kan, mo rí ọ̀kan nílẹ̀, ó tó apá mi ní gígùn, ẹ̀ka márùn-ún. Mo ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé e kọ́ ní pálọ̀. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan wá kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbé e padà síbi tí mo ti rí i. Òfin ò gbà kéèyàn mú nǹkan kan jáde níbẹ̀. Mo gbé e padà. Ìyàwó mi ò tíì yéé rẹ́rìn-ín.

Déńgẹ́
Ọdẹ tí ò pa ẹran, tí ò tún rí ìwo mú wálé.

Ìyàwó_Ilé_Atlanta
Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí màmá. Wọ́n ní Cades Cove àti elk ti tó àwọn, kí ọkọ mi kó àwọn ọmọ gun Kuwohi, àwọn á dúró nísàlẹ̀. Wọ́n tún ní kí n bi Ìyá Ìbejì: béárì yẹn, ṣé ó jẹ pọfupọ́ọ̀fù náà?

ÌyáÌbejì_Marietta
Ó jẹ ẹ́ tọ̀rá-tọ̀rá, mà. Ó jẹ tìmùtìmù àga mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà
Mo ti rí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n irun tó lẹ̀ mọ́ òrùlé ọkọ̀ yẹn... ṣé ọkọ̀ náà lẹ wà padà sílé?

ÌyáÌbejì_Marietta
Wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀.