Ojú kọ̀ǹpútà mi sanra, kò gbà ju 1024 × 768 lọ

Ìyá Atẹ̀wé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Dell OptiPlex 7010 tokunbo ni mò ń lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan bá mi fi Windows 10 tuntun sí i. Ó ṣe é tán, ó gbowó, ó lọ. Àtìgbà náà ni gbogbo nǹkan ti fẹ̀ lójú ẹ̀. Bí mo bá ya nǹkan róbótó ní CorelDRAW tí mo fi ń ya iṣẹ́, bí ẹyin ló máa ń rí. Ìyá ìyàwó kan wá wo iṣẹ́ lánàá, ó ní, "Ta lẹ gbé síbẹ̀ yìí?" Ọmọ ẹ̀ ni o! Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kò ní àléébù kankan. Mo wo Display settings, 1024 × 768 ló kọ síbẹ̀ fún iye àmì tíntìntín tó tò sójú ẹ̀ ní ìbú àti òró, ó ṣú, kò gbà kí n yí i. 1920 × 1080 sì ni mọ́nítọ̀ mi. Ṣé kí n ra òmíì ni?

Ọmọ Oníwáyà
Mà, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún mouse lórí Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí Display adapters. Tó bá jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter lẹ bá níbẹ̀, kò tíì sí driver gidi, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ bó ṣe máa lo ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde, nínú ẹ̀ nìyẹn. Ó dá mi lójú pé kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù kí kọ̀ǹpútà lè máa lo dátà ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Windows Update wá driver Intel fúnra ẹ̀. Àwọn ìkànnì tó ń pariwo "Driver Updater" yẹn, ẹ sá fún wọn.

Ìyá Atẹ̀wé
Bẹ́ ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni mo bá a. Ó jẹ dátà mi o, àmọ́ ó ti ń kọ Intel HD Graphics báyìí, ibi tó ṣú yẹn sì ti ṣí. Ṣùgbọ́n 1920 × 1080 ò sí nínú ohun tó kó kalẹ̀. Lábẹ́ Monitors nínú Device Manager, "Generic Non-PnP Monitor" ló kọ. Kí nìyẹn?

Bàbá Wáyà
"Non-PnP" yẹn ló tú àṣírí, kọ̀ǹpútà ò dá mọ́nítọ̀ yín mọ̀ nìyẹn. Wáyà VGA, wáyà àtijọ́ tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, lẹ ń lò, àbí? Mọ́nítọ̀ ló máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí òun ṣe tóbi tó, inú wáyà yẹn ló sì ń gbà sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lẹ́nu ẹ̀, kálukú ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. 1, 2 àti 3 ló ń gbé àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwòrán. 12 àti 15 ló ń gbé ọ̀rọ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀, ṣe ni kọ̀ǹpútà á máa méfò. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ kọ ibi tó fẹ̀ sókè kí abẹ́rẹ́ dojú kọ yín. Ní ìlà ìsàlẹ̀, ìkejì láti òsì ni 12, èyí tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni 15. Tẹ́ ẹ ò bá rí 9 láàárín, ẹ má jáyà, ọ̀pọ̀ wáyà ni kò ní in.

Ìyá Atẹ̀wé
Bàbá, 12 ni! Ó ti sùn pátápátá. Mo wá rántí bí ọmọkùnrin yẹn ṣe ń fagídí tì í lẹ́yìn tábìlì. Mo yọ ike inú báírò tí tádà ti tán nínú ẹ̀, mo kì í bọ abẹ́rẹ́ náà, mo rọra gbé e dìde. Mo tan kọ̀ǹpútà, 1920 × 1080 ti wà ńbẹ̀, róbótó ti padà di róbótó. Mo pe ìyá ìyàwó pé kó wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní kí n ṣì bá òun dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kù díẹ̀.