Nígbà tí àdúrà kọ̀, tí kò jáde lẹ́nu mi mọ́

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Oṣù 9 ni ọkọ mi fi ṣàìsàn. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, gbogbo ìjọ bá wa gbà á. Ó sì kú. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé lẹ́yìn ìsìnkú, àdúrà kọ̀ jálẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀, "Baba" nìkan ni mo máa ń rí pè, ẹkún á gba ìyókù.

Àwọn tó ń wá kí mi ń sọ pé kí n má sunkún, pé onígbàgbọ́ kì í bọkàn jẹ́ bí aláìnírètí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń pa mí lẹ́nu mọ́. Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa ló yàtọ̀. Ó wá, ó jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ló ní, "Ọmọ mi, ka Sáàmù 88 lálẹ́ yìí. Má fo ẹsẹ kankan."

Mo kà á. Mo ń retí ibi tí ẹkún á ti di orin, torí Sáàmù 13 náà fi "yóò ti pẹ́ tó?" bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orin ló fi parí ní ẹsẹ 6. Sáàmù 88 ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ 18 ni, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ pe Ọlọ́run ní "Ọlọ́run ìgbàlà mi" ní ẹsẹ kìíní, Òun náà ló sì ń ro gbogbo ẹjọ́ yẹn fún. Mo wá rí i pé àdúrà ni ẹkún mi látọjọ́ yìí. Lóru ọjọ́ yẹn, mo sọ fún Ọlọ́run pé inú ń bí mi sí I. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sùn dáadáa nìyẹn.

Ó ti di ọdún 4 báyìí. Mo ṣì ń bi Í pé kí ló dé. Kò tíì sọ fún mi.

Akọrin

Màmá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á bá yín tọ́ àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ tèmi. Alaalẹ́ ni mo ń lọ ìṣọ́ òru, títí mo fi ṣubú lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ wa ní kí n lọ sílé lọ sùn, pé kí n ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun lórí Kámẹ́lì ni, ó tún ń sọ pé, "Ó tó, nísinsìnyí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò." Ọlọ́run ò bá a wí. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i pé kó jẹun, ó tún sùn, ó tún jẹun, kó tó rin ìrìn 40 ọjọ́ dé Hórébù. Mo ti ń ka oorun sí àìnígbàgbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ará mi.

Àbúrò yín

Ẹ ṣeun, màmá àti ẹ̀gbọ́n mi. Kíndìnrín mi ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, bíi wákàtí 4 nígbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ká ní ìgbàgbọ́ mi tó ni, ara mi ì bá ti yá. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀. "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ" ni èsì tó gbọ́, ẹ̀gún ò kúrò. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kéré?

Bàbá kan wà tí àga wa máa ń kángun síra wọn níbẹ̀. Wọn kì í ṣe onígbàgbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n gbé ohùn Bíbélì tí mò ń kà sókè díẹ̀ kí àwọn náà lè máa gbọ́. Ọ̀la ni a tún máa pàdé. Màmá, Sáàmù 88 yẹn ni mo máa kà fún wọn.