Ọta ti wà nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì mi láti oṣù kẹwàá: ṣé yóò dún bí ọ̀ràn bá dé?

Ọmọ Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, ilé mi kò sì jìnnà sí ọ̀sà rárá. Mo ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan, dọ́bù bárẹ̀ẹ̀lì tí òòlù rẹ̀ (irin tó ń mú kí ọta yìn) pamọ́ sínú, tí mo rà lẹ́yìn tí mo gba láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú láàárín ọdún 2016 sí 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń ká ìdílé mọ́lé lójú oorun, kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi rà á.

Láti oṣù kẹwàá tó kọjá ni mo ti ki ọta méjì sínú rẹ̀, tí mo sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú àpò aláwọ tó bá a wá, n kò sì tíì ṣí i wò láti ìgbà náà. Àwọn kan ń sọ fún mi pé sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò rọ̀ bí ó bá pẹ́ ní kíkọ́ọ̀kì (kí ó ti ká sílẹ̀, kí ó ku kí a fà á), àwọn mìíràn sì ní ọta tó pẹ́ nínú ìbọn kì í dún. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n yọ ọta náà kúrò, nítorí pé àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, níbo ni n óò ti rí àyè ki ìbọn lóru bí wọ́n bá ti ń já ilẹ̀kùn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọdẹ Ẹ̀pẹ́

Àbúrò mi, sípíríǹgì ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí o bẹ̀rù. Nínú irú ìbọn tí o ní yẹn, ìgbà tí o bá ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ láti ki ọta ni sípíríǹgì ń ká, bí o bá sì dá ọrùn náà padà, kíká ni yóò wà títí di ìgbà tí o bá fà á. Sípíríǹgì tí wọ́n fi irin gidi ṣe kì í tètè rọ̀ nítorí pé a ká a sílẹ̀. Títẹ̀ àti títú léraléra ni ó ń mú kí ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ìbọn àtijọ́ tí sípíríǹgì wọn jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ sí méjì bí ẹ̀mú nìkan ni mo ti rí tí ó kán lójijì.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni ọ̀tá rẹ, àpò aláwọ yẹn sì ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Awọ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àwọn èròjà tí wọ́n fi ṣe é sì máa ń jẹ irin, nítorí náà ìrìn àjò ni àpò ìbọn wà fún, ìbọn kì í sùn nínú rẹ̀. Ní ti ọta, ara rẹ̀ tí ó jẹ́ ike kò ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó ń dán bí idẹ yẹn, irin lásán tí wọ́n fi idẹ bò ni lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí irin náà bá dógùn-ún nínú ọ̀pá ìbọn tí òun pàápàá ń dógùn-ún, àwọn méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́ra. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lo ọta oníwèé tún rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí òjò bá ti mú un, wíwú ni yóò wú, kò sì ní wọ ojú ìbọn mọ́. Mo mọ àgbà ọdẹ kan tó máa ń sá tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó kú sórí ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe tẹ̀lé e.

Èmi náà ti fi ọta sílẹ̀ sínú ìbọn la ìgbà òjò já rí. Ọ̀yà dúró níwájú mi, mo fà á, ìró òòlù nìkan ni mo gbọ́. Mo kọ ẹnu ìbọn sí ilẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kí n tó ṣí i, nítorí pé iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ọta tó kọ̀, kí ó sì dún nígbà tí o bá ti ṣẹ́ ọrùn ìbọn sí ojú ara rẹ. Ọ̀yà kò dúró dè mí.

Ṣí ìbọn yẹn lónìí, kí o kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, kí ìka rẹ má sì sún mọ́ ibi tí a ti ń fà á. Bí ọta kan bá kọ̀ láti jáde, má ṣe ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn láti gbá a. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tí ìjọba sì fún láṣẹ, ni kí o pè.

Ará Ìmọ̀tà

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ Ìgbógbó, kí ló dé tí ẹ kò ra pump-action, ìbọn tí a ń fọwọ́ fà sẹ́yìn sẹ́wájú kí ọta mìíràn lè bọ́ sójú ìyìn? Mo ń rí i nínú fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà pé wọ́n máa ń ki ọta kún ikùn rẹ̀, wọn a sì fi ojú ibi ìyìn sílẹ̀ lófìfo títí wọn yóò fi nílò rẹ̀.

Atúnbọnṣe Àgbádárìgì

Ará Ìmọ̀tà, òfin tiwọn kọ́ ni tiwa. Lábẹ́ Òfin Ìbọn ọdún 1959 tí a ṣì ń lò, ìbọn oníkátíríìjì (shotgun) tí ó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọta mìíràn sójú ìyìn kò sí lára èyí tí aráàlú lè gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, pump-action sì wà lára àwọn tí òfin náà kà léèwọ̀. Bákan náà, nínú pump-action, ọta oníke tó pẹ́ lábẹ́ ìtẹ̀ sípíríǹgì nínú ikùn ìbọn lè yí padà ní ìrísí, kí ó sì há. Òun náà ní tirẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó, ohun tí Ọdẹ Ẹ̀pẹ́ sọ tọ̀nà, àyàfi pé kò mẹ́nu kan ohun tí ó dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, èyíinì ni kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdènà tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tì lórí ìbọn yẹn, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ dọ́bù bárẹ̀ẹ̀lì, ibi tí ìka ń fà nìkan ni ó ń dè, kò di òòlù inú mú. Bí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ bá já bọ́ láti òkè, òòlù lè yọ kúrò lára ìkọ́ tó so ó, ìbọn yóò sì dún, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ìdènà tàbí ẹ kò tì í. Ìyàwó yín ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ó ṣe yẹ kí ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà nílé ni pé kí ó ṣófo, kí òòlù rẹ̀ sì ti sinmi. Ọta ìdánwò wà, èyí tí kò ní ẹ̀tù, tí a fi rọ́bà sí ìdí rẹ̀. Ẹ ó ki i, ẹ ó fà á, sípíríǹgì yóò tú, abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta kò sì ní fara gbọgbẹ́. Ẹ gbé ìbọn sínú àpótí irin tí a kàn mọ́ ògiri, kí àpótí ọta tó ní àgádágodo tirẹ̀ wà nínú yàrá kan náà, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá ti fi ọta ìdánwò kọ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò ki ọta méjì kí olè tó ka márùn-ún, ilẹ̀kùn irin tó lágbára ni yóò sì fún un ní àyè náà. Owó ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ná.

Ní Àgbádárìgì níbí, iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé nígbà òjò, kí wọ́n máa nu ìbọn lóṣooṣù, kí wọ́n sì nù ún ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ti kàn án, nítorí pé òógùn ọwọ́ náà níyọ̀. Aṣọ tí a fi òróró ìbọn rin díẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó ń rò pé bí òróró bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ sì ni òróró tó ṣàn dé ìdí ọta lè wọnú bọ́tìnnì kékeré tó ń gbiná, kí ó sì pa á. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ọ̀pá kí ẹ tó ki ọta. Nínú àpótí, ẹ dojú ẹnu ìbọn kọlẹ̀ kí òróró má baà ṣàn lọ sínú igi ìdí rẹ̀, torí igi tó mu òróró máa ń rọ̀. Àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, dára nínú àpótí náà bí ẹ bá ń pààrọ̀ wọn.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn yín. Àwọn ìbọn àtijọ́ kan wà tí ojú ibi ọta wọn gùn ní mìlímítà 65; ọta mìlímítà 70 (gígùn rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí ni wọ́n ń kà) yóò wọ inú rẹ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n kò ní rí àyè ṣí ẹnu nígbà tó bá ń yìn, agbára rẹ̀ yóò sì kọjá ohun tí ìbọn náà lè gbà. Bí ìbọn yín bá jẹ́ oní-12 (ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀pá ni nọ́ńbà yìí, oní-20 sì tín-ín-rín ju oní-12 lọ), ẹ má jẹ́ kí ọta oní-20 dé inú ilé yín rárá. Yóò yọ̀ sísàlẹ̀ ọ̀pá, yóò há síbẹ̀, ojú ibi ọta yóò sì dà bíi pé ó ṣófo. Ẹni tó bá ki ọta oní-12 tẹ̀lé e, ọ̀pá lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe oní-20 kí èèyàn lè dá a mọ̀.

Ọmọ Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí i lálẹ́ àná. Ọta ọwọ́ ọ̀tún jáde, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti yí ìdí rẹ̀ po bí òrùka. Tọwọ́ òsì kò mira, nítorí náà n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo pe àgọ́ ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa láísẹ́ǹsì mi, wọ́n júwe ẹni tó ń tún ìbọn ṣe fún mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá yọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó fi ojú ọ̀pá náà hàn mí lójú oòrùn: àmì ìdí ọta ti hàn sínú irin, ó sì ní bí mo bá pẹ́ sí i ni, ǹ bá máa wá ọ̀pá tuntun.

Alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe àpótí irin lọ́wọ́. Wọ́n ti bá mi ṣírò owó ilẹ̀kùn náà, ó pọ̀ ju owó ìbọn lọ. Àpò aláwọ ni ìyàwó mi ti gbà, agbòjò ló ń kó sínú rẹ̀ báyìí.