Ìdáhùn: “àyàwòrán àtijọ́” kọ́, káàdì ayàwòrán ìran ìṣáájú ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àbúrò wa kan bèèrè pé káàdì wo ni kí òun rà sínú kọ̀ǹpútà tí òun fi ń ṣe géèmù, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀ (graphics card): RTX 3080 tí ẹnìkan ti lò, àbí RTX 4060 tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pé “àyàwòrán àtijọ́” ni ti àkọ́kọ́, “àyàwòrán tuntun” ni èkejì, àti pé kò sẹ́ni tí í fowó ra àtijọ́ nígbà tí tuntun ń bẹ. Ẹ̀gbọ́n kan gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n ní “férémù ayédèrú” (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tí káàdì ń yà tẹ̀ léra) ni tuntun fi ń ṣe fọ́ńté, pé GTX 1080 Ti sàn ju méjèèjì lọ. Ẹni kẹta ní “káàdì ayò” ló yẹ ká máa pè é. Mo kà á tán, inú mi kò dùn rárá, nítorí orúkọ tí a sọ nǹkan yìí ló ń ti àbúrò wa sí ọjà tí kò yẹ kó ná. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Bàbá, ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí “a” àkọ́kọ́, ẹ sì tún un ṣe bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà kejì, nítorí náà kì í ṣe àṣìtẹ̀. “A-” olóhùn àárín ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di olùṣe: apẹja, adájọ́, agbẹjọ́rò, atukọ̀. “À-” olóhùn ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ di ohun tí a ṣe, tàbí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ṣe é: àjẹkù, àdàkọ, àṣàyàn, àkójọ. Káàdì yìí kì í ṣe ohun tí a ṣe tán tí a gbé kalẹ̀, òun gan-an lòṣìṣẹ́. Lórí mọ́nítọ̀ 1920 × 1080, àmì wínníwínní (pixel) 2,073,600 ló ń bẹ lójú rẹ̀. Bí géèmù bá ń lọ ní férémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì ní láti pinnu àwọ̀ àmì tó lé ní mílíọ̀nù 124 kí ìṣẹ́jú àáyá náà tó parí. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ ò lè fi “à-” olóhùn ìsàlẹ̀ pè é. Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n sọ tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán, tí wọ́n fún wa ní amúlétutù àti agbohùnsílẹ̀, ohùn àárín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọn ò jókòó ṣe ìpàdé kankan lórí rẹ̀. Etí wọn ló yè.

Bàbá, ẹ ní ẹ ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ A B D. A ò bá yín jiyàn ìyẹn, ẹ sì tún pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n òfin ohùn kan náà ló de àgbà àti ọmọdé. Níwọ̀n bí “ayàwòrán” ti jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ọmọ ènìyàn tẹ́lẹ̀, “káàdì ayàwòrán” ni mo fara mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oníṣẹ́ ọnà là ń rà.

Ibi tó dùn mí jù ni “àtijọ́”. Ẹ ti lọ́ nǹkan mẹ́ta pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ìkíní ni ìran tí káàdì ti wá. Ìkejì ni bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án. Ìkẹta ni bóyá àwọn tó ṣe é ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Àlòkù, à-lò-kù, ọwọ́ tó ti lò ó nìkan ló ń sọ. Káàdì tó jáde lánàá lè di àlòkù lónìí, bẹ́ẹ̀ ni 3080 lè wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ẹni tó dábàá “tòkunbọ̀” kò ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà tí nǹkan gbà dé nìyẹn ń sọ, kò sọ bó ṣe rí.

RTX 3080 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020, RTX 4060 jáde ní oṣù kẹfà 2023. Kò tó ọdún mẹ́ta láàárín wọn, àwọn méjèèjì ló sì ń gba driver tuntun (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) títí di ìsinsìnyí. Ìran ìṣáájú ni 3080, kì í ṣe àtijọ́. Bí ẹ bá ń wá àtijọ́ tòótọ́, 1080 Ti tí Ẹ̀gbọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni. Ọdún 2017 ló jáde. Ní oṣù kẹwàá 2025 ni NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn káàdì yìí, dáwọ́ driver géèmù dúró fún gbogbo ìran rẹ̀. Àtúnṣe ti ààbò nìkan ló kù, ìyẹn náà á sì parí ní oṣù kẹwàá 2028. Kò ní ẹ̀yà ara tó ń ṣe ray tracing, ìyẹn ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni géèmù Indiana Jones and the Great Circle àti Doom: The Dark Ages ò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí káàdì tí kò ní in.

Ẹnìkan á ní “ìran” ò dára, pé a ó ṣì í mú fún ìran tí à ń wò, pàápàá lórí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ wíwò. Ohùn kan náà ni lóòótọ́. Síbẹ̀, ta ló gbọ́ “ìran Odùduwà” tó rò pé eré orí ìtàgé ni?

Nọ́ńbà tó wà lára káàdì gan-an ń sọ ohun tí “tuntun” ò lè sọ. Nínú 4060, “40” ni ìran, “60” ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀. Nínú 3080, ìran rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ga. “Tuntun” ń ka “40” nìkan, ó fi “60” sílẹ̀. 3080 ti 10 GB ní core (òṣìṣẹ́ kéékèèké inú rẹ̀) 8,704, ojú ọ̀nà mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ bíìtì 320, ó ń kó 760 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 4060 ní core 3,072, bíìtì 128, 272 GB. Wọ́n fún 4060 ní cache (ibi ìpamọ́ kékeré tó yá) 24 MB kó lè dín ìrìn àjò sínú mẹ́mórì kù, ó sì ń sáré ju 3080 lọ ní ti clock (ìyára core rẹ̀), ṣùgbọ́n kò lé e bá. Nínú géèmù tí kò lo àrà àfikún bíi férémù tí Ẹ̀gbọ́n pè ní ayédèrú, 3080 á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa.

Iná ni 4060 fi ń gbẹ̀san. Wáàtì 115 ló ń jẹ. 3080 ń jẹ 320, ó sì máa ń fò kọjá bẹ́ẹ̀ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ojú ò lè rí. Níbi ìfò yẹn ni páwà sọ́pláì (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) tí kò lágbára ti ń pa kọ̀ǹpútà fìn-ín láàárín géèmù, tí olówó á sì rò pé káàdì ló bàjẹ́. NVIDIA ní kí a lo páwà sọ́pláì wáàtì 750 fún 3080, 550 fún 4060. Ẹnu wáyà oníhò mẹ́jọ kan ń gbé 150, ihò mọ́dábọ́ọ̀dù (pákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó sí) ń gbé 75. Nítorí náà wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú páwà sọ́pláì ni kí ẹ fà wá sára 3080. Ẹ má lo wáyà kan tó lórí méjì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi òwe gbe 1080 Ti lẹ́sẹ̀: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe náà bọ́ sí i ní ibi kan, ìyẹn mẹ́mórì. 11 GB ló ní, 4060 tó jẹ́ àbúrò ní 8 péré. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí géèmù bá béèrè ju 8 GB lọ, ohun tó kù á tú sínú RAM kọ̀ǹpútà, á sì máa gba ojú ihò PCIe (ihò mọ́dábọ́ọ̀dù tí káàdì wọ̀ sí) wọlé-jáde. Ọ̀nà mẹ́jọ nìkan ni 4060 ń lò nínú ihò náà. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù PCIe 3.0, bíi 8 GB ló lè gbà á kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí mẹ́mórì tirẹ̀ ń kó 272. Nígbà náà ni géèmù á máa ta gìrì, ara ògiri àti aṣọ inú àwòrán á di bàìbàì. Ọ̀pọ̀ á lọ rẹ resolution (iye àmì wínníwínní) sílẹ̀, kò sì ní ṣe púpọ̀. Texture (àwòrán ara ògiri àti aṣọ yẹn) ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele kan, ibẹ̀ ni mẹ́mórì ń lọ.

Ẹ wá wo “férémù ayédèrú”. Èyí ni mo lòdì sí jùlọ nínú gbogbo ohun tí a ti kọ. Ayédèrú ni ohun tí wọ́n ṣe láti tan ọ ní jìbìtì. Ayédèrú sì wà nídìí òwò yìí ní tòótọ́: àwọn kan ń tún BIOS (ètò tó wà nínú káàdì gan-an) káàdì tó ti gbó kọ, kó lè máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Bí ẹ bá ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà lára káàdì, ó máa ń kọ FAKE ṣáájú orúkọ irú wọn. Bí ẹ bá ti ná “ayédèrú” tán sórí férémù, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Ohun tí 4060 ń ṣe, gbangba ni. Ó ya àwòrán kan tán, ó ya èkejì tán, ó wá fi ìṣirò bí gbogbo nǹkan ṣe sún láàárín méjèèjì gbé òmíràn sáàárín wọn. Àwòrán agbedeméjì ni. Orúkọ yẹn á tún kọ́ ènìyàn ní àléébù rẹ̀: kí agbedeméjì tó lè wà, èkejì gbọ́dọ̀ ti wà, nítorí náà káàdì ní láti dá àwòrán tòótọ́ dúró díẹ̀ kó tó fi hàn. Ọwọ́ á mọ ìdádúró yẹn. Bí géèmù bá wà ní 60 kí ẹ tó tan frame generation (ètò àwòrán agbedeméjì yìí), ojú á gbádùn rẹ̀, ọwọ́ ò sì ní rojọ́. Bó bá wà ní 25 tàbí 30, mọ́nítọ̀ á kọ nọ́ńbà ńlá, ṣùgbọ́n ìbọn inú géèmù á máa pẹ́ dáhùn. Òun náà sì ń jẹ mẹ́mórì, ohun tí 4060 ò ní púpọ̀. Ẹ má gbàgbé pé DLSS tó ń mú àwòrán kékeré di ńlá yàtọ̀ sí èyí, àwọn RTX gbogbo ló ní in, 3080 pẹ̀lú. Àwòrán agbedeméjì ti DLSS nìkan ni 3080 ò ní. Bí géèmù bá ní FSR 3 (irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn), 3080 lè fi ìyẹn ṣe é.

Àbúrò, ìbéèrè rẹ rèé. Bí mọ́nítọ̀ rẹ bá jẹ́ 2560 × 1440, tí páwà sọ́pláì rẹ tó 750, tí àpótí kọ̀ǹpútà rẹ sì gùn tó láti gba káàdì ńlá, 3080 àlòkù ni kí o rà, bó bá yege. Bí mọ́nítọ̀ bá jẹ́ 1920 × 1080, tí páwà sọ́pláì jẹ́ 550, tí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ sì ní PCIe 4.0, gba 4060, kí o sì ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́. Má wulẹ̀ ná 1080 Ti.

Báyìí la ṣe ń dán àlòkù wò. Ṣí GPU-Z: 3080 ti 10 GB gbọ́dọ̀ kọ shader (core) 8704, bíìtì 320, GDDR6X (irú mẹ́mórì rẹ̀) 10240 MB. Tẹ àmì ìbéèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bus Interface kí káàdì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó sì kọ x16 (ọ̀nà mẹ́rìndínlógún). Bó bá kọ x8, ihò tí wọ́n fi í sí ni kó o kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹnu wúrà rẹ̀ tó lè ti dọ̀tí. Fi géèmù tó le kan án lára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí HWiNFO, ètò tó ń ka ooru, wà ní ṣíṣí. Ojú rẹ kó wà lára Memory Junction (ooru mẹ́mórì) ju ooru káàdì fúnra rẹ̀ lọ. GDDR6X ń gbóná púpọ̀. Bó bá kan 110°C, káàdì á fa ọwọ́ sẹ́yìn, géèmù á sì lọ sílẹ̀ lójijì. Ọ̀pọ̀ 3080 ló ti ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru fún wíwa Ethereum, owó orí ẹ̀rọ, kí ìyẹn tó dópin ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, pádì tó ń gbé ooru kúrò lórí mẹ́mórì wọn á sì ti gbẹ. A lè pààrọ̀ pádì, ṣùgbọ́n nínípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Bó bá nípọn jù, á gbé irin atutù kúrò lórí ọpọlọ káàdì, ìyẹn náà á wá máa gbóná. Fetí sí fáànù pẹ̀lú: bó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́ lọ. Bí àmì aláwọ̀ mèremère bá ń fọ́n kiri ojú mọ́nítọ̀, dá a padà, mẹ́mórì ló ń kú lọ.

Ní ti “káàdì ayò”, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ káàdì àti ayò pọ̀, káàdì tí à ń pín lórí tábìlì ló máa wá sí i lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ẹni tó dá a kò ní gbà fún mi, wọ́n sì ti ní àwọn ń kọ lẹ́tà gígùn bọ̀ lórí ìyàtọ̀ “eré” àti “ayò”. Mò ń retí rẹ̀. Bàbá, èmi ṣì ń dúró de èsì yín lórí “a” yẹn.